Ẹ̀jẹ̀ Mi àti Àtẹ̀gùn Ìdànrè

Ènìyàn lè tan eré ìje ọlọ́jọ́ kan jẹ. Ẹni tí orí ń fọ́ lè lo oògùn, kó dìde, kó fi ariwo àwọn òǹwòran gbé ara rẹ̀ dé ìparí, kó wá lọ fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko dùbúlẹ̀ sílé níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí i. Ìdíje onípele, èyí tí wọ́n ń sá lónìí, tí wọ́n ń sá lọ́la àti lọ́túnla, tí wọ́n sì ń ro gbogbo àkókò pọ̀, kò gba irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀. Bí alájọ ló rí: ojoojúmọ́ ló ń dé, ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tí èèyàn kò san lánàá, yóò béèrè rẹ̀ lónìí. Mo sá irú ìdíje bẹ́ẹ̀ lọ́dún yìí, láti Àkúrẹ́ dé orí òkè Ìdànrè, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ara mi kò tíì pé. Àwọn kan bi mí pé kí ló gbé mi débẹ̀. Àwọn mìíràn ń kì mí ní akọni. Àwọn tó ń kì mí yìí gan-an ni mo fẹ́ dá lóhùn, torí àwọn ni ọ̀rọ̀ náà kò yé.

Ibà ló dé ní ọ̀sẹ̀ Kérésì. Kì í ṣe ibà tí èèyàn ń gbé kiri lọ sọ́jà o. Òtútù mú mi lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì ní ọ̀sán gangan, ooru tẹ̀lé òtútù, òógùn tẹ̀lé ooru, ó tún wá bẹ̀rẹ̀ láti orí òtútù. Èébì ò jẹ́ kí omi dúró níkùn mi. Nígbà tí wọ́n gbé mi dé ilé ìwòsàn tó wà ládùúgbò wa, láàbù rí kòkòrò ibà rẹpẹtẹ, PCV mi, ìyẹn ìdá tí hóró pupa kó nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀, sì ti wálẹ̀ sí 24. Fún obìnrin, ó yẹ kó tó 36 ó kéré tán. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ artesunate bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi oògùn oníhóró ọlọ́jọ́ mẹ́ta parí rẹ̀. Kí ọdún tuntun tó wọlé, ara mi ti tutù. Mo jẹ ẹ̀bà. Mo wẹ̀ fúnra mi. Ìyá mi, tó ti Oǹdó wá tọ́jú mi, gbé orin ọpẹ́ sẹ́nu, lójú tiwọn ọ̀rọ̀ ibà ti parí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni kò parí. Láti ìgbà tí nọ́ọ̀sì ti dárúkọ 24 létí ìyá mi ni ilé ìdáná mi kò ti sinmi mọ́. Láàárọ̀, ewé ugwu tí wọ́n gún, tí wọ́n fún omi rẹ̀, tí wọ́n da mílíìkì sí. Lálẹ́, omi pòròpórò ọkà bàbà tí wọ́n sè títí ó fi pupa rokoṣo. Láàárín méjèèjì, ẹ̀dọ̀ màlúù, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹja tútù.

“Àbẹ̀kẹ́, mu ún tán. Ẹ̀jẹ̀ ni.”

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mu òmíràn láàárọ̀ ni.”

“Ti àárọ̀ ti lọ ní tiẹ̀.”

Dókítà kò bá wọn jà lórí ugwu. Ó kọ hóró irin àti folic acid fún mi, ó ní kí n máa lò ó títí oṣù yóò fi yí po ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àgbo ibà tí àǹtí mi gbé wá láti Ilé-Olújì nìkan ló ní kí n má fi pọ̀ mọ́ oògùn òun. Mo fi àgbo náà wẹ̀. Inú àǹtí mi dùn, inú dókítà dùn.

Àsìkò tí mi ò lè rìn kọjá ẹnu géètì yìí ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kàwé ní Finland bẹ̀rẹ̀ sí fi fídíò ránṣẹ́. Ó mọ̀ pé eléré ẹsẹ̀ ni mí, ó mọ̀ pé mo wà lórí ibùsùn, ó sì rò pé n óò gbádùn àwọn tó ń fi pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn, tí wọ́n ń pè ní ski, sáré lórí yìnyín. Ọyẹ́ ń fẹ́ eruku wọlé láti ojú fèrèsé, ètè mi ti sán, èmi sì ń wo àwọn obìnrin tí yìnyín dì mọ́ irun ojú wọn, tí wọ́n ń fi ọ̀pá méjì ti ilẹ̀, tí wọ́n ń gun òkè tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, tí itọ́ ń dà lẹ́nu wọn tí kò sì kan ẹnikẹ́ni. Tour de Ski ni wọ́n ń pè é. Ọwọ́ ìparí oṣù Kejìlá ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n á parí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní, nígbà tí àwa ń jẹ àjẹkù ìrẹsì ọdún.

Ìdíje náà kò tíì pẹ́ rárá. Vegard Ulvang, ọmọ Norway tó ti gba góòlù Òlíḿpíìkì, àti Jürg Capol, ọmọ Switzerland, ló gbé e kalẹ̀. Ọdún 2006 sí 2007 ni àkọ́kọ́ rẹ̀ wáyé, Tobias Angerer ará Jámánì àti Virpi Kuitunen ará Finland ló sì gbégbá orókè. Ìpele mẹ́fà, méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń sá láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá. Òmíràn kúrú tó jẹ́ pé kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin, òmíràn gùn. Ọjọ́ kan wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ ojú ọ̀nà gbọnrangandan tí wọ́n là sínú yìnyín, ọjọ́ kejì wọ́n á máa ju ẹsẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́tùn-ún sósì. Wọ́n á ro àkókò gbogbo ìpele pọ̀, wọ́n á yọ ìṣẹ́jú-àáyá ẹ̀bùn kúrò fún àwọn tó bá ṣe dáadáa. Ẹni tí kò bá bọ́ sójú ọ̀nà ní ìpele kan ṣoṣo ti jáde nínú ìdíje nìyẹn, ìbáà jẹ́ òun ló wà níwájú.

Èyí tó mú mi dìde jókòó ni ìpele ìkẹyìn. Ní Val di Fiemme, ní Ítálì, òkè kan wà tí wọ́n ń pè ní Alpe Cermis. Àwọn tó ń yọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí yìnyín ni wọ́n ṣe ojú ọ̀nà rẹ̀ fún. Àwọn ará Tour de Ski wá dà á rú, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń gùn ún lọ sókè. Níbì kan, ó ga tó 28 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ni pé bí o bá lọ síwájú ní mítà ọgọ́rùn-ún, o ti gòkè ní mítà 28. Ẹni tó ti sá fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni wọ́n ń gbé débẹ̀. Lókè pátápátá, gbogbo wọn ló ń ṣubú lulẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ àti ẹni ìkẹyìn.

Mo rẹ́rìn-ín, torí ohun kan náà ni kóòṣì wa máa ń ṣe fún wa. Kò rí yìnyín rí bí kò ṣe èyí tó ń bá òjò rọ̀. Ọdọọdún, ẹgbẹ́ eléré ẹsẹ̀ wa, tó jẹ́ kìkì olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba, oníṣòwò àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀, máa ń sá ìpele mẹ́ta. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, a óò sá yí ìgboro Àkúrẹ́ po. Ìdájí Àbámẹ́ta, a óò sá láti Àkúrẹ́ lọ sí Ìdànrè, ogún kìlómítà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ Àìkú, àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè, tó lé ní 600, ló ń parí rẹ̀. Ẹ̀bùn rẹ̀ kò ju ife àti àpò ìrẹsì lọ. Oṣù Kejì ni tọdún yìí, mo sì ti san owó mi kí ibà tó dé.

Ọmọ Nàìjíríà náà ń bá wọn dé orí yìnyín, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ wọn ò kàn wá. Seun Adigun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ló kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ orí yìnyín fún Áfíríkà ní Òlíḿpíìkì ní 2018, Simidele Adeagbo sì dojú bolẹ̀ lórí pátákó skeleton fún wa lọ́dún kan náà. Ní Beijing, ní 2022, Samuel Ikpefan fi ski sáré lábẹ́ àsíá Nàìjíríà. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n bí i sí, baba rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa.

Bí mo ṣe ń wo fídíò ni mo ń kà nípa eré náà, mo sì rí i pé ẹ̀jẹ̀ gan-an ni ìtàn rẹ̀. Eré orí ski ń lo ọwọ́, ẹsẹ̀, àyà àti ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà bí ọ́síjìn bá ṣe ń dé ẹran ara tó ni èèyàn ṣe lè sá tó. Hemoglobin inú ẹ̀jẹ̀ pupa ló ń gbé ọ́síjìn ọ̀hún. Ọmọ Finland kan wà, Eero Mäntyranta, tó gba àmì-ẹ̀yẹ Òlíḿpíìkì méje láàárín 1960 sí 1968, mẹ́ta nínú wọn jẹ́ góòlù. Hemoglobin tirẹ̀ máa ń ju 20 gíráàmù lọ nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà ẹ̀jẹ̀. Àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ pé ó ń fa ẹ̀jẹ̀ sára. Àfi ní ọdún 1993 tí àwọn onímọ̀ rí i pé ohun tó jogún nínú ìdílé rẹ̀ ni: àbùdá kan tó ń jẹ́ kí mùdùnmúdùn eegun pọ ẹ̀jẹ̀ pupa ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn mìíràn kò jogún, wọ́n fẹ́ fi ọgbọ́n wá a. Ní ìdíje àgbáyé tó wáyé ní Lahti, ní Finland, ní 2001, níwájú àwọn ará ilé wọn, ọwọ́ tẹ àwọn ará Finland mẹ́fà tí wọ́n lo oògùn tó ń fi omi kún ẹ̀jẹ̀, kí àyẹ̀wò má bàa fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ wọn ki jù.

Àjọ tó ń darí eré náà ní òfin kan nígbà náà. Bí hemoglobin ọkùnrin bá ju 17 lọ, tàbí tobìnrin ju 16 lọ, kò gbọ́dọ̀ sá fún ọjọ́ márùn-ún. Wọn ò pè é ní ìjìyà, wọ́n ní nítorí ìlera rẹ̀ ni, torí ẹ̀jẹ̀ tó ki jù lè dì nínú iṣan. Nígbà Òlíḿpíìkì Turin ní 2006, wọ́n dá àwọn kan dúró báyìí kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀.

Mo gbé ìwé àyẹ̀wò tèmi, mo ṣe ìṣirò. Ẹni tó bá pín PCV sí mẹ́ta ti súnmọ́ hemoglobin rẹ̀. 24 tèmi jẹ́ 8. Obìnrin tí wọ́n dá dúró lọ́hùn-ún nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù ní ìlọ́po méjì ẹ̀jẹ̀ tí mo fi ń ti ibùsùn rìn lọ sí ilé ìwẹ̀. Wọ́n ní òfin fún ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ jù. Ní tiwa níbí, ẹ̀jẹ̀ tó kéré jù ni ìṣòro wa, a ò sì ní òfin kankan. Bí èèyàn bá lè jẹ ẹ̀bà, ó lè sáré nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ibà ń ṣe, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí fìdí sí. Inú ẹ̀jẹ̀ pupa ni kòkòrò ibà ń wọ̀ láti bí sí i. Bó bá ti pọ̀ tó, yóò bẹ́ hóró ẹ̀jẹ̀ náà, yóò jáde, yóò wọ òmíràn. Bíbẹ́ yẹn ló ń mú òtútù àti ooru wá. Ara fúnra rẹ̀ tún ń pa àwọn hóró tí kòkòrò ò tíì wọ̀ rárá, nítorí ìfura. Mùdùnmúdùn eegun tó yẹ kó máa pọ tuntun, àìsàn ti fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Nítorí náà, ọjọ́ tí ibà bá lọ kọ́ ni ẹ̀jẹ̀ ń padà. Ó tiẹ̀ lè ṣì máa wálẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí oògùn bá ti pa kòkòrò tán. Hóró ẹ̀jẹ̀ pupa kan ń lo bí 120 ọjọ́ lára. Ohun tí ara fi ìrọ̀rùn pọ díẹ̀díẹ̀ láti oṣù yìí dé oṣù yẹn, kò lè dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan nítorí pé èèyàn ti san owó ìdíje.

Ọkàn ló ń san án títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi pé. Ní ìgbà tí ara mi le, ìlù ọkàn mi kì í ju 58 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní, ó ń lu 84, mi ò sì tíì gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ lórí ibùsùn.

Kí ìdíje tó ku ọ̀sẹ̀ kan, PCV mi ti di 33. Mo padà lọ bá dókítà. Ọ̀dọ́bìnrin ni, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún mi nítorí pé mo jẹ́ tíṣà, ṣùgbọ́n kò ṣojú àánú.

“Ẹ lè kópa, mà. Ẹ ò gbọ́dọ̀ díje.”

“Kí ni ìyàtọ̀ wọn?”

“Ẹ óò wo aago ọwọ́ yín. Bí ìlù ọkàn yín bá ti ju 140 lọ, ẹ rìn. Bí ojú bá ń ṣú yín, tàbí àyà ń dùn yín, ẹ jókòó, kí wọ́n gbé yín. Bí ibà bá padà, kódà kó jẹ́ kékeré, ẹ ò jáde nílé.”

Ó fi kún un pé bí ó bá jẹ́ ọ̀fìnkìn lásán, tí kò kọjá ọrùn, òun kò ní bá mi sọ púpọ̀. Ohun tó bá ti wọ àyà, tàbí tó bá mú gbogbo ara gbóná, ni kò ṣe é fi eré ìje dán wò, torí àwọn kòkòrò kan wà tó ń wú iṣan ọkàn, ẹni tó bá sì sáré pẹ̀lú ọkàn tó wú lè ṣubú kó má dìde. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Màmá mi gbọ́, wọ́n ní dókítà yẹn dára ṣùgbọ́n ó yẹ kó ní kí n jókòó sílé. Wọn ò wá wo ìpele kankan. Wọ́n ní àwọn ò lè bá mi ru ojú tì.

Nínú ẹgbẹ́, àpẹẹrẹ ni wọ́n fi ń gbá mi lẹ́yìn. Kóòṣì ti rí fídíò tí mo pín fún wọn, ó sì ti rí ìtàn Jessie Diggins, ọmọ Amẹ́ríkà. Ní Beijing 2022, oúnjẹ tí kò dára da inú Diggins rú nígbà tí eré ọgbọ̀n kìlómítà kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó sá a bẹ́ẹ̀, ó sì gba fàdákà. “Ṣé ẹ rí i, Tíṣà? Ọkàn akin!” Mo ní kóòṣì, ẹ kà á dé ìparí. Ọjọ́ ìkẹyìn Òlíḿpíìkì náà ni wọ́n sá a. Kò sí ìpele mìíràn lọ́la. Ó lè ná gbogbo ohun tó wà lápò rẹ̀ kó sì dùbúlẹ̀ sórí yìnyín, ohun tó sì ṣe gan-an nìyẹn. Diggins kan náà ló gba Tour de Ski ní 2021, ọmọ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó gbà á, ó tún gbà á ní 2024. Àwọn ti ọlọ́jọ́ púpọ̀ yẹn, kò fi inú rírun gbà wọ́n.

Ẹni tí mo fẹ́ràn ìtàn rẹ̀ jù ni Simen Hegstad Krüger, ọmọ Norway. Ní 2018, òun ló gba góòlù eré tí wọ́n ń fi ọ̀nà méjèèjì sá pọ̀. Ní 2022, nígbà tó yẹ kó lọ gbèjà oyè rẹ̀ ní Beijing, kòrónà mú un. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó dúró. Eré rẹ̀ kọjá lójú rẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ mókun tí wọ́n sì yọ̀ǹda rẹ̀, ó dé, ó sì gba idẹ nínú eré tó gùn jù, èyí tí afẹ́fẹ́ àti òtútù mú kí wọ́n gé kúrú láti àádọ́ta kìlómítà sí bí 28. Kò sẹ́ni tó ń fi ìtàn yẹn ránṣẹ́ kiri pẹ̀lú àwòrán iná, nítorí pé ìdúró ló pọ̀ nínú rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ìpele ìgboro. A gbéra nítòsí ààfin Déjì, a gba Arákálẹ̀, a yí padà gba Alágbàká. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé ara mi dùn. Mo ti pẹ́ lórí ibùsùn, ẹsẹ̀ mi ń yún mi, afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́ tutù, àwọn ọmọ iléèwé mi rí mi ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà wọ́n ń pariwo “Anti! Anti!”, àwọn ọlọ́kadà ń fọn fèrè. Aago ọwọ́ mi kà 138. Mo dẹwọ́. Obìnrin kan tí mo máa ń fi ẹ̀yìn hàn lọ́dọọdún kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní “Ẹ kú ìrọ́jú o, Tíṣà”, ó sì dùn ún ní ọ̀nà tí kò dùn mí. Mi ò purọ́, mo fẹ́ tẹ̀ lé e. Ọ̀dọ́kùnrin kan nínú wa wà níwájú gan-an lálẹ́ ọjọ́ náà, ojú rẹ̀ ń dán, èmi sì mọ irú dídán yẹn, mo ti rí i nínú dígí lọ́sẹ̀ Kérésì. Mo bi í bóyá ara rẹ̀ gbóná. Ó ní oòrùn ni. Aago méje alẹ́ nìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni alájọ dé. A gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́, ọyẹ́ ṣú mọ́ ojú ọ̀nà Ìdànrè débi pé iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ pọ́n kí a tó rí ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ìwọ̀n ìrìn kan náà tó gba 138 lọ́wọ́ mi lánàá gba 146 láàárọ̀ yìí. Nítorí náà mo rìn. Mo sá níbi tí ọ̀nà ti tẹ́jú, mo rìn ní gbogbo ibi tó ti ga, ọ̀nà yẹn kì í sì í tẹ́jú pẹ́. Ẹ̀gbẹ́ títì kún fún kòkó tí wọ́n sá sórí ọ̀dà àti ẹní, òórùn rẹ̀ kan díẹ̀ tó sì dùn díẹ̀. Ìyá àgbà kan tó ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó rẹ̀ padà bi mí pé ta ló lé mi. Mo ní kò sẹ́ni tó lé mi, màmá. Wọ́n ní ó dáa, kí n rọra máa bọ̀, kí n má tẹ kòkó àwọn.

Kóòṣì wá lórí ọ̀kadà. “Tíṣà, ṣé kí n gbé yín?” Mo ní mi ò tíì kú. Ó ní ọ̀dọ́kùnrin ti àná ti ń bì lẹ́bàá ọ̀nà níwájú, wọ́n ti gbé e sínú ọkọ̀. Lẹ́yìn tí mo mu omi tán tí mo sì jẹ ọsàn méjì, mo tẹ̀ síwájú. Níbi tí àwọn òkúta ńláńlá ti ń yọ orí jáde nínú ọyẹ́, nítòsí Aládé, mo mọ̀ pé n óò dé. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi kò ju méjì lọ, ọ̀kan nínú wọn sì yarọ.

Ilé àna mi ni mo sùn sí ní Ìdànrè. Ohun tó pinnu ọjọ́ kẹta kò ju ìlù ọkàn àárọ̀ lọ. Mo ti pinnu ṣáájú pé bó bá fi mẹ́wàá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, n óò gbé àpò mi wálé, ẹnu yòówù kí wọ́n fi sọ ọ́. Ó fi mẹ́fà jù ú. Mo dùbúlẹ̀ sí i, mo tún kà á. Mẹ́fà náà ni. Mo lọ.

Kò sí ohun tí èèyàn lè fi àtẹ̀gùn yẹn ṣeré. Àwọn baba ńlá ará Ìdànrè gbé orí òkè náà títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, omi àti iṣu ni àwọn obìnrin wọn ń gbé gòkè, láìsí àtẹ̀gùn símẹ́ńtì. Ní tiwa, wọ́n kọ́ ibi ìsinmi sí i láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ẹni tó ń díje kì í sì í wo ibẹ̀. Èmi jókòó ní gbogbo rẹ̀. Mo ń dúró kí aago wálẹ̀ sí 110 kí n tó dìde. Nígbà tí mo fi jókòó lẹ́ẹ̀kejì, ẹni tó gba ipò kìíní ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń mú àlejò yí òkè po bá mi jókòó, ó ní ṣé ìdíje náà lèmi náà wà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá bá mi gòkè títí dé òkè pátápátá, ó ń fi òkè Orósun hàn mí, ó ń fi ààfin àtijọ́ hàn mí, ó sì gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ mi lókè nítorí pé iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́.

Èmi ni ìkẹyìn nínú gbogbo àwọn tó parí ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé mo wà níwájú pátákó ìkọ̀wé ní kíláàsì, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìdá. PCV tí mo ṣe lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e jẹ́ 34. Ọ̀dọ́kùnrin ojú-dídán lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí ibùsùn. Lórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa, òun ni wọ́n fi fọ́tò rẹ̀ síwájú, pé ó fi ibà sáré Ọjọ́ Ẹtì ó sì gba ipò kejì, wọ́n fi ọwọ́ líle àti iná tẹ̀ lé e. Wọ́n fi èmi náà sí i, wọ́n ní akọni méjì. Inú bí mi. A kò ṣe nǹkan kan náà. Òun fi àìsàn rẹ̀ pamọ́ fún gbogbo wa, èmi gbé tèmi sí ọwọ́ mi, mò ń kà á láti ìsàlẹ̀ òkè dé òkè. Bí wọ́n bá fẹ́ kì mí, kí wọ́n kì mí fún jíjókòó tí mo jókòó.

Nínú ìpàdé oṣù Kẹta, mo dìde, mo ní kí a fi òfin sílẹ̀: kí olúkúlùkù ṣe àyẹ̀wò PCV láàárín ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdíje, kí a fi ẹ̀rọ wo ara gbígbóná lójoojúmọ́ kí a tó gbéra, ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná, kó jókòó. Mo sọ fún wọn nípa ọjọ́ márùn-ún ti àwọn ará ski. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní owó láàbù yóò lé èèyàn sá. Àwọn kan ní a kì í ṣe Òlíḿpíìkì. Kóòṣì ní òun fara mọ́ ẹ̀rọ tó ń wo ara gbígbóná, torí òun lè rà á lọ́jà, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ èèyàn, ọ̀rọ̀ àṣírí ni. Ọ̀dọ́kùnrin yẹn kò sọ̀rọ̀, àfi nígbà tí wọ́n ní kí a nawọ́, ó na tirẹ̀ pẹ̀lú tèmi. A kò tíì yanjú rẹ̀. Láàbù kan ní àdúgbò wa ti ní bí a bá pé ogún, àwọn yóò dín owó rẹ̀ kù sí ìdajì. A ti di mẹ́tàlá, màmá mi sì ní bí ìyókù ò bá pé, àwọn yóò san ti ẹnì kan láti Oǹdó.